Ẹsẹ̀, Ọkọ̀ àti Àgọ́: Ohun tí Òkè Afadja Rán Wa Létí Nípa Àwọn Bàbá Wa

Láti ọwọ́ Alága Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí alága máa ń kọ síbí kì í ju ti owó ẹgbẹ́ àti ilé ìpàdé lọ. Lọ́dún yìí, ìtàn ni mo fẹ́ sọ. N kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo máa ń ra ìwé ìtàn àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì máa ń jókòó ti àwọn àgbà. Ohun tí mo kó jọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ mẹ́ta tí a kó àwọn ọ̀dọ́ lọ wa ọkọ̀ lórí odò Volta, tí a pàgọ́, tí a sì gun òkè Afadja.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ mú àbá náà wá sí ìpàdé, àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alága, ẹni tó ní ilé ni yóò lọ sùn sínú igbó? Ẹni tó ní owó mọ́tò ni yóò fi ẹsẹ̀ gun òkè?" Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Accra kò mọ̀ ju ilé, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n gbọ́ Twi àti Gã ju Yorùbá lọ. Bí a bá ní kí wọ́n wá jókòó gbọ́ ìtàn, wọn kò ní wá. Bí a bá ní kí wọ́n wá wa ọkọ̀, wọn yóò wá, a ó sì sọ ìtàn náà fún wọn lójú ọ̀nà.

Ọ̀NÀ GBÀNJA

A kúrò ní Accra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa 41, nínú bọ́ọ̀sì méjì. Ibẹ̀ sí Akosombo tó bíi 100 kìlómítà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú obì gbànja kan jáde nínú àpò, mo bi àwọn ọmọ pé kí ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn pé gbànja ni. Mo tún bi wọ́n pé níbo la ti rí orúkọ yẹn. Gbogbo wọn dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò bá wa lọ. Obì àbàtà, tó sábà máa ń ní awẹ́ mẹ́rin, ni obì ilẹ̀ wa látijọ́. Gbànja aláwẹ́ méjì wá láti ìwọ̀-oòrùn, láti inú igbó ilẹ̀ Àṣáńtì. Ọjà tí wọ́n ti ń tà á fún àwọn àlejò ni Salaga, ní ilẹ̀ Gonja, ní àríwá Gánà òní. Orúkọ Gonja yẹn ló di gbànja lẹ́nu wa. Nítorí náà, bí ìyá arúgbó kan nílé bá ń ju gbànja sẹ́nu, orúkọ ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ló ń pè, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà ńlá ni Salaga. Àwọn Haúsá ń wá síbẹ̀, àwọn Mọ̀sí ń wá, àwọn Yorùbá náà ń wá. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ gba ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá, láti Nikki dé Djougou, kó tó wọ ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Kí n má purọ́ fún yín, wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtàn òwò wa kò mọ́ tónítóní. Nígbà tí ogun abẹ́lé jà ní Salaga láàrin 1891 sí 1892, ọjà náà fọ́, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ṣí lọ sí Kete, lẹ́bàá Krachi, létí odò Volta.

Lẹ́yìn 1900 ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá léraléra. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ẹrù aṣọ òkè ló ń gbé sórí. Bàbá mi sọ fún mi pé ìrìn náà kì í ṣe ohun tí bàbá òun ń fi ọjọ́ kà. Oṣù ló fi ń kà á, àlọ àti àbọ̀. Wọ́n á ta aṣọ lọ, wọ́n á ra gbànja bọ̀. Gbànja kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ kó gbẹ. Wọ́n á fi ewé wé e, wọ́n á máa tú u wò lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè ṣa èyí tó ti ń jẹrà kúrò kó tó ran èyí tó kù. Ẹni tó bá ya ọ̀lẹ nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹrù ìdọ̀tí ló máa rù délé.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń dá rìn. Ọ̀wọ́ èrò ni wọ́n ń kó ara wọn lọ, wọ́n á sì ní olórí. Ẹ mọ òwe tó ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Fún bàbá bàbá mi, kì í ṣe òwe: bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, ó di dandan kí ẹlòmíràn bá a gbé e padà sórí. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, àwọn yòókù á pín ẹrù rẹ̀ rù. Bí ó bá kú, àwọn ni yóò gbé owó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rí àpótí ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí, mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó ní ilé ìpàdé, kí a tó ní alága.

Lẹ́yìn náà, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fúnra wọn gbin gbànja, ní Agége àti ní àwọn ibòmíràn, òwò gbànja láti ìhín sì rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kò padà. Wọ́n ti mọ ọjà, wọ́n ti mọ èdè. Wọ́n yí sí aṣọ, abẹ́rẹ́, òwú, àwo, àti gbogbo ohun tí a lè gbé sórí igbá tà. Ẹ wo Accra New Town tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé: Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ODÒ VOLTA

A sun oru ọjọ́ Ẹtì létí odò ní ìsàlẹ̀ Akosombo. Ní àárọ̀ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi bí a ṣe ń di àjẹ̀ mú hàn wá. Àwọn ọmọkùnrin wa tí wọ́n lágbára jù ló kọ́kọ́ rẹ̀, nítorí oníkálukú ń wà á bó ṣe wù ú, ọkọ̀ náà sì ń yí po lójú kan. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ń fi orin darí ọwọ́ ara wọn ló kọ́kọ́ dé òdìkejì.

A ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé èmi alága bínú sí òfin náà, mo ní ó ń fún mi láyà. Nígbà tó yá, mo dìde dúró nínú ọkọ̀ kí wọ́n lè yà mí ní fọ́tò. Ọkọ̀ gbọ̀n, mo sì ṣubú sómi tagbátagbá. N kò mọ̀wẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo ń bú yẹn ló gbé mi sókè. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì tọ́ sí mi.

Kí dáàmù tó wà, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò fi ń sọdá odò yìí ní Yeji, tí wọ́n bá ti Salaga kọrí sí Atebubu àti Kumasi. Wọn kò ní jákẹ́ẹ̀tì kankan. Gbogbo owó tí ẹnì kan ní láyé á wà nínú ẹrù kan, ẹrù náà á wà nínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà á sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Odò tí wọ́n sọdá yẹn ti yí padà. Ní 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù Akosombo, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1965. Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1966. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tó gbá jọ lẹ́yìn dáàmù náà gba ilẹ̀ tó tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó. Nínú gbogbo adágún tí ọwọ́ èèyàn dá láyé, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó o. Bíi 80,000 èèyàn ló pàdánù ilé wọn, láti nǹkan bí 740 abúlé, wọ́n sì kọ́ ìlú 52 fún wọn. Kete àtijọ́, níbi tí àwọn oníṣòwò sá sí lẹ́yìn ogun Salaga, wà lára ibi tí omi bò. Ibi tí àwọn bàbá wa pàtẹ sí ti di ilé ẹja.

Ohun kan tó kan òwò wa lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí omi náà kún, ọ̀pọ̀ igi ló wà nídùúró tí wọn kò gé. Kùkùté wọn ṣì wà lábẹ́ omi. Ọkọ̀ tó bá kérò ju bó ṣe yẹ tó sì kọlu kùkùté, àwọn èrò inú rẹ̀ wà nínú ewu ńlá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì ti ṣòfò lórí adágún náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Yeji, Kete Krachi àti àwọn ọjà etí omi yòókù, mo bẹ̀ yín. Ẹ má wọ ọkọ̀ tó ti kún jù. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì tiyín, kí ẹ máa gbé e dání bí ẹ ṣe ń gbé àpò owó. Ẹni tó ti bọ́ sómi ló ń sọ fún yín.

ÀGỌ́ ÀWỌN ALÁJÀPÁ

Ní ọ̀sán Sátidé, a ra abolo àti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní "one man thousand" ní Atimpoku, a gba orí afárá Adomi tí wọ́n ṣí ní 1957 kọjá, a gba Ho àti Hohoe lọ sí Liati Wote, abúlé àwọn Ewe tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. A kí àwọn àgbà abúlé, a san owó tó yẹ, wọ́n sì fún wa ní pápá tí a pàgọ́ sí. Àwọn Mùsùlùmí wa kírun, àwọn Kìrìsìtẹ́nì wa gbàdúrà, a dáná kan ṣoṣo.

Mo bi àwọn ọmọ pé kí ni ìtumọ̀ Zongo. Wọ́n ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ni, tàbí àdúgbò àwọn àlejò. Wọn kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà, ibi tí èrò ọ̀nà ń pàgọ́ sí ló sì túmọ̀ sí. Nígbà tí àwọn alájàpá bá dé ìlú, wọn kì í wọ àárín ìlú lọ tààrà. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀ sí, wọ́n á so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á dáná. Alẹ́ kan á di oṣù kan, oṣù á di ọdún, àgọ́ á di ilé alámọ̀, wọ́n á sì bímọ síbẹ̀. Gbogbo Zongo tí ẹ rí ní Gánà, àgọ́ tó gbàgbé láti ká ni.

Ìyá kan wà láàrin wa tó kọ̀ láti wọnú àgọ́. Láti ọ̀sán ló ti ń sọ pé inú bọ́ọ̀sì lòun máa sùn. Àwọn ọmọ rò pé ejò ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí iná ń jó lálẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti sùn níta tó. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 9 ní 1969."

Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ ohun tó ń sọ. Nínú oṣù Kẹjọ 1969 ni wọ́n dìbò tó gbé Dókítà Kofi Busia dórí àlééfà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Iṣẹ́ kò tó nílùú, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì gbà pé àwọn àlejò ló gba ọjà lọ́wọ́ àwọn. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àṣẹ náà bá. Ó bá Haúsá, Mọ̀sí, ará Tógò àti àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nínú ọjà gbogbo, láti etíkun dé òkè àríwá, a fojú winá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ̀ pé àlejò làwọn. Gánà la bí wọn sí, wọn kò sì rí Nàìjíríà rí.

Ìyá náà ní Kumasi ni bàbá òun ti ń ta aṣọ. Ó ta ọjà ṣọ́ọ̀bù tó fi ọdún 20 kó jọ ní iye tí kò tó owó mọ́tò gbogbo ilé. Oru mẹ́ta ni wọ́n fi sùn lórí ẹrù ní gáréèjì kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ń se ẹ̀kọ lórí òkúta mẹ́ta, ó ń dà á sínú ife kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń mu ún yí po. Ó ní ohun tí òun kò gbàgbé ni pé obìnrin Àṣáńtì tó ń ta iṣu níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn wá bá wọn ní gáréèjì lálẹ́ kejì, ó gbé iṣu wá, ó sì ń sunkún. Ó ní, "Láti ọjọ́ náà, n kò sùn síta mọ́."

Èmi náà ní ìpín nínú ìtàn yẹn. Oyún mi ni ìyá mi gbé kọjá ibodè Aflao. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí ní 1970. Mo ti tó géńdé kí èmi náà tó padà síbi tí wọ́n ti lé wọn. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìtàn gbè sẹ́yìn ara wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Gánà sì gba ọ̀nà kan náà padà. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù, tí gbogbo wa ń tà tí a sì ń rà lọ́jà, orúkọ ìlélọ náà ló ṣì ń jẹ́: Ghana Must Go. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń dunni kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìyá náà sọ tán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan gbé ẹní rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kó sọ sí i. Ó ń sọ ọ́ títí oorun fi gbé e lọ ní ẹnu àgọ́, láàrin wọn.

ORÍ ÒKÈ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, a gun òkè. Afadja, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Afadjato, ló ga jù ní gbogbo Gánà: 885 mítà. Ọ̀nà rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán, gbòǹgbò igi la fi ń ṣe àtẹ̀gùn. Àwọn ará abúlé sọ pé orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ ewéko kan tó ń yúnni lára, bíi wèrèpè tiwa. Kí a tó dé ìdajì, orúnkún mi ti kọ̀. Àwọn géńdé ti lọ jìnnà. Ọmọbìnrin kan tí n kò tíì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí ló padà sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ rọra, bàbá." Ó mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀, àyè tó fi máa sọ ọ́ ni kò rí.

Láti òkè, a rí ilẹ̀ Tógò ní ìlà-oòrùn, a sì rí adágún Volta tó ń dán lọ́nà jíjìn ní ìwọ̀-oòrùn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òkè tí a dúró lé yìí kò dá wà. Láti ìtòsí Accra ni ẹ̀wọ̀n òkè náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín Tógò kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Benin lọ, níbi tí wọ́n ń pè é ní Atakora. Àwọn èrò tó ń ti Djougou bọ̀ wá sí Salaga, àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n ń là kọjá lápá àríwá pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwa gun òkè náà lọ́wọ́ òfo, pẹ̀lú omi nínú ike, a sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin bi mí pé, "Bàbá, ibo ni ilé wa wà níbí?" Mo nawọ́ sí ìlà-oòrùn. Ó tún nawọ́ sí ọ̀nà Accra, ó ní, "Ìyẹn ńkọ́?" Mo ní ilé ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ilé tó ń fẹ́ ìwé ni.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A MÚ ṢE

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó jẹ́ kí a lè wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà fún ọjọ́ 90. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, ìwé ìgbélùú ló kù. Òfin tí wọ́n ṣe ní Gánà ní 2013 nípa okòwò àwọn àjèjì sì fi òwò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé ní 1969 kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe olè. Ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò máa jókòó ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé láti bá ẹnikẹ́ni wo ìwé rẹ̀, kí a mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ tán. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí olúkúlùkù ìdílé kọ ìtàn àgbà kan sílẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé: ìlú tó ti wá, ọ̀nà tó gbà, ọjà tó kọ́kọ́ ná, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí ní 1969. A ó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé yìí. Àwọn tó lè sọ ọ́ ń dín kù lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, a ó tún lọ. Àgbà tó bi mí pé ta ni yóò fi ilé sílẹ̀ lọ sùn sínú igbó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ó ní òun náà ń bọ̀, bí a bá lè rí ẹni tó máa bá òun gbé ẹrù.

A ó rí i. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a dá rìn, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbé wa jáde gbé wa délé láyọ̀. Àmín.